Fóònù Rẹ Ló Sọ Wáìnì Di Ọ̀wọ́n

La Roche-aux-Merles,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá.

Armelle ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé àtẹ̀gùn ilé yín ṣì ga bẹ́ẹ̀? Àwa wà níbí, orúnkún bàbá rẹ nìkan ni kò gbádùn, ajá ń jẹun, mo sì ń gbàdúrà kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀ lórí àtẹ̀gùn náà.

Mo rí lẹ́tà rẹ. O ní ìgò wáìnì funfun wa tí ẹ máa ń rà ní yúrò márùn-ún ní Paris ti di mẹ́sàn-án, kí n bi bàbá rẹ bóyá ojúkòkòrò ló ń ṣe àwa àgbẹ̀. Mi ò bi í. Ìwọ ló yẹ kí n bi, torí fóònù tí o fún mi ní Kérésì ló fà á.

O ní yóò máa sọ ojú ọjọ́ fún wa, kò ní jẹ́ kí òtútù bá wa lójijì mọ́, mo sì gbà á gbọ́ bí mo ṣe gba ìwọ gbọ́. Láràárọ̀ ni mo ń kí i kí n tó wò ó. O mọ̀ pé láti ayé bàbá bàbá rẹ, a kì í kó àwọn àbẹ́là ńlá tí a fi ń lé òtútù kúrò láàárín àjàrà títí ọjọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ Òtútù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ kọkànlá sí ìkẹtàlá oṣù Karùn-ún, yóò fi kọjá, pàápàá bí ìrì dídì ti pa ìdajì ẹ̀hù lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹsàn-án, fóònù ní ooru ń bọ̀. Mo ní kí bàbá rẹ kó àbẹ́là wọlé, pé ọmọ wa tó kàwé ló fi nǹkan yìí ránṣẹ́, kì í ṣe orúnkún rẹ̀ tó máa ń ro ó bí òtútù bá ń bọ̀. Ó wò mí, ó kó wọn.

Lọ́jọ́ kejìlá, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀hù ti dúdú bí ewé tíì. Fóònù ní oòrùn wà. Àgbá mẹ́rìnlá ni wáìnì wa máa ń kún. Mẹ́rin péré ló kún lọ́dún yìí. Láti ìgbà náà, ajá nìkan ni bàbá rẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ó sọ fún un létí mi pé, “Ó tó gẹ́ẹ́. Màá hú àjàrà yìí, màá gbin àlùbọ́sà.”

Bí a ṣe fi kún owó nìyẹn. Màdáàmù Pavageau, tó ti ń ra tiwa láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀, wo iye tí mo kọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, “Solange, ní iye yìí, ṣé yóò bá mi fọ abọ́ pẹ̀lú?” Mo ní rárá o, mímu nìkan ni. Ó ra ìgò kan dípò mẹ́fà, ó gbé e lọ bí ọmọ tuntun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Nolwenn tó ń pín lẹ́tà yẹ fóònù náà wò, ó ní Paris ni o ṣètò rẹ̀ sí, ojú ọjọ́ Paris ló sì ń sọ láti ọjọ́ yìí wá. Inú bí mi. Lẹ́yìn náà àánú fóònù náà ṣe mí, pé oṣù mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa, ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Mo so ó mọ́ ìdí àjàrà fún ọjọ́ mẹ́ta kó lè mọ ilé, kò mọ̀ ọ́n. Nolwenn ní òun lè tún un ṣe ní ìṣẹ́jú kan. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ. Ó jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ tán, ó wá kọjú sí mi, kì í ṣe sí ajá, ó ní, “Kí ni fóònù náà ní ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ Armelle lónìí?” Mo ní òjò ni. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ kó o má gbàgbé agbòjò.

Irúgbìn àlùbọ́sà ti padà sínú àpótí, ó ní òun yóò fún àjàrà ní ọdún kan sí i. Ṣùgbọ́n eku ti jẹ ìdajì àbẹ́là tí a kó wọlé. Jọ̀ọ́, fi owó àbẹ́là ránṣẹ́ kó tó di oṣù Kẹrin, kó o sì wá bá wa tàn án. Orúnkún bàbá rẹ ni yóò máa sọ ojú ọjọ́ tiwa. Fóònù, tìrẹ ni kó máa sọ.

Òtútù kò ní pa ẹ̀hù rẹ, ọmọ mi. Fóònù ní atẹ́gùn yóò fẹ́ ní Paris lọ́la. Wé nǹkan mọ́ ọrùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Solange.