Ọjọ́ Tí Gbogbo Ayé Wá Wo Ilé Wa

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àtàbọ̀ rẹ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, òrùlé ṣì ń jò sórí ibùsùn rẹ̀, àmọ́ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Wọ́n ti dájọ́ tí ìṣẹ́ máa tán láyé!

Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló wá sọ fún wa. Ó ní gbogbo orílẹ̀-èdè ti ṣèpàdé, wọ́n ti fẹnu kò pé ọlá máa kárí tolórí tẹlẹ́mù, àti pé lọ́jọ́ kejì òun máa wo ilé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ ohun tó yẹ kálukú. Ọmọ mi, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ṣé ilé òfìfo ni kí gbogbo ayé wá bá lọ́wọ́ mi? Mo sáré lọ yá àga mẹ́fà, tábìlì, rédíò àti kápẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ opó aránṣọ tó múlé tì wá.

Nígbà tí obìnrin náà gbé fóònù sókè, tó ní gbogbo ayé ló máa rí àwòrán ọ̀hún, mo kúnlẹ̀ kí wọn nínú ẹ̀, mo ní ẹ kú ìpàdé o, ẹ kú wàhálà wa. Bàbá rẹ fẹ́ la ẹnu sọ̀rọ̀ òrùlé, mo yáa tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ni obìnrin náà bá kọ ọ́ pé a rọ́wọ́ họrí. Ayọ̀ mi ò láfiwé!

Àṣé nígbà tó dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, orí korobá tó dojú dé ló ti bá a. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ ìjọba já páànù tuntun méjìlélógún sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Tiwa ò sí níbẹ̀. Bàbá rẹ bínú sí mi fún ọjọ́ méjì, òjò ò sì dá. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Àárọ̀ àná ni mo rí aránṣọ tó ń wọ́ páànù mọ́kànlá bọ̀. Ó ní àga òun ló sọ wá dolówó, ilé wa ló sì gbé ẹrù òun pamọ́ tí wọ́n fi pe òun ní tálákà, nítorí náà ká jọ pín in. O ò rí nǹkan! Ọlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kárí, ọjọ́ tí wọ́n dá gan-an ò sì tíì pé.

Káfíńtà ti wà lókè báyìí. Jọ̀ọ́, tètè fowó ìṣó ránṣẹ́, gbogbo ayé ti ṣe tiwọn, ìṣó ló kù. Ibi tí o bá forí lé kò ní jò, wàá sì rí aládùúgbò rere bá gbé.

Èmi ni, ìyá rẹ tí gbogbo ayé ti rí.