Agbẹ̀bí Alálùpùpù: Ìgbésí Ayé Màmá Wa Lórí Ọ̀nà Òkè

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Màmá wa, ìyá wọn sì jẹ́ aránṣọ. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1949 ni a bí wọn ní ìsàlẹ̀ òkè, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn ti ń jó irin, tí wọ́n sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọmọ kẹrin ni wọ́n nínú ọmọ méje, àwọn nìkan sì ni ọmọbìnrin tí gírísì kì í kúrò ní èékánná rẹ̀. Ìyá wọn a máa pariwo pé, “Ta ni yóò fẹ́ ọ pẹ̀lú ọwọ́ yìí?” Bàbá wọn a dáhùn pé, “Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ ni.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955. Ní ọdún 1967 wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí, wọ́n sì jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà lórí òkè ni wọ́n fi wọ́n sí: yàrá méjì, ibùsùn mẹ́ta, àti tábìlì onírin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Abúlé mọ́kànlá ló ń wo ojú wọn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì so gbogbo wọn pọ̀. Kọ́nà mẹ́tàlélógún ló wà lójú ọ̀nà náà, òkúta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Ibẹ̀ ni tírélà agbégẹdú ń gbà, ibẹ̀ náà ni alùpùpù ń gbà. Ọ̀gá wọn fún wọn ní alùpùpù kan, ó sì béèrè bóyá obìnrin lè gùn ún. Màmá tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ kó dún. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa gùn ún lọ.

Ní ọdún 1974, Màmá bá tírélà kan tó dákú ní kọ́nà kẹfà. Ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kì í sáré, ó gbà pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Rọ́bà epo rẹ̀ ló já. Màmá ṣí àpò ìgbẹ̀bí, wọ́n mú bándéèjì, wọ́n fi dì í, ọkọ̀ sì dún. Ìpẹ̀kun ọdún náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Títí di òní, Bàbá wa ń sọ pé bándéèjì tí wọ́n fi di rọ́bà epo ni wọ́n fi di òun náà mọ́lẹ̀.

Nígbà náà, àṣà kan wà lójú ọ̀nà òkè. Bí alùpùpù bá wà lẹ́yìn tírélà, tí awakọ̀ sì rò pé iwájú mọ́, yóò na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, yóò juwọ́ pé kó máa kọjá. Ọmọlúàbí ni wọ́n ń pe awakọ̀ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1983, wọ́n ránṣẹ́ pe Màmá sí aboyún kan tó ń rọbí ní abúlé tó gbẹ̀yìn. Ní kọ́nà kọkànlá, wọ́n bá ìdí tírélà kan pàdé. Ti Bàbá ni. Bàbá rí ìyàwó wọn nínú dígí, wọ́n rí àpò lẹ́yìn alùpùpù, wọ́n mọ̀ pé Màmá ń kánjú, wọ́n bá juwọ́. Màmá kò tún wo iwájú kí wọ́n tó yà. Ta ni kì í gba ọwọ́ ọkọ rẹ̀ gbọ́?

Tírélà mìíràn yọ láti òkè. Màmá já sínú gọ́tà tó wà ní ẹsẹ̀ òkúta. Bó bá jẹ́ apá ọ̀gbun ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà, àwọn kan nínú wa kì bá sì ti dé ilé ayé. Ẹsẹ̀ òsì wọn kán lójú méjì. Nígbà tí Bàbá fi máa sáré débẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Màmá sọ ni, “Àpò mi dà?” Wọ́n fi pákó méjì àti bándéèjì di ẹsẹ̀ náà, Màmá sì ní àwọn ò lọ sí ilé ìwòsàn kankan àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé àwọn dé ọ̀dọ̀ aboyún. Lórí ẹní nílẹ̀ ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí, wọ́n ń sọ ohun tí ìyá ọkọ aboyún náà máa fi ọwọ́ ṣe, títí ọmọ fi ké. Ọmọ náà ti di káfíńtà. Òun fúnra rẹ̀ ló kan pósí tó wà níwájú yín yìí.

Ẹsẹ̀ Màmá jiná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń tiro. Bàbá ni kò jiná. Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ tírélà padà, wọ́n jókòó sí yàrá. Bí họ́ọ̀nù bá dún lójú títì, wọ́n á ti fèrèsé. Bàbá tó ń kọrin tẹ́lẹ̀ kò bá ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀rù sì bà wá pé a ti pàdánù wọn láàyè. Gbogbo ohun tí wọ́n ń wí ni pé, “Ọwọ́ mi ló ṣe é.” Màmá ní, “Ọwọ́ yín ló juwọ́, ojú mi ló yẹ kó wo ọ̀nà. Ẹ̀bi ọ̀hún tó ká jọ pín.”

Ní oṣù kejì ọdún 1984, Màmá mú Bàbá lọ síbi tí tírélà wà. Wọ́n tiro gun àga awakọ̀, wọ́n ní kí mẹkáníìkì kan máa ti alùpùpù àwọn yí ọkọ̀ náà ká díẹ̀díẹ̀. Ibi mẹ́ta ni alùpùpù ti pòórá nínú dígí pátápátá. Màmá kígbe pé, “Ha! Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti ń gùn láti ọjọ́ yìí wá!” Wọ́n wá ní kí Bàbá jókòó lórí alùpùpù lẹ́yìn tírélà, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Bàbá ní, “Irin nìkan.” Nígbà náà ni wọ́n bú sẹ́kún, tí Màmá náà sì bú sẹ́kún, mẹkáníìkì wá rọra lọ wá omi mu.

Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìlú Màmá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe àwọn onítírélà àti àwọn alálùpùpù jọ sí gárájì. Awakọ̀ kan ní, “Ìyá agbẹ̀bí, ẹ lọ gbẹ̀bí.” Màmá ní, “Ọwọ́ mi ni ìyàwó ẹ bí sí lóṣù tó kọjá. Jókòó.” Ó jókòó. Wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ juwọ́ mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi ojú tirẹ̀ wo ọ̀nà fún ẹlòmíràn. Tírélà tí alùpùpù bá tò sẹ́yìn rẹ̀ yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò dúró, kí wọ́n kọjá. Alálùpùpù tí kò bá rí ojú awakọ̀ nínú dígí, kó yáa mọ̀ pé awakọ̀ kò rí òun náà, kó fà sẹ́yìn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Tọ̀tún tòsì wọn gbé ṣọ́bìrì, wọ́n gbẹ́ ibi ìyàsí méje sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Títí Màmá fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2009, a kò gbé òkú alálùpùpù kankan kúrò lójú ọ̀nà yẹn. A dúpẹ́, a tún ọpẹ́ dá.

Bàbá padà sídìí ọkọ̀ lọ́dún 1984 náà. Àmọ́ wọn ò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà jẹ́ láti kí èèyàn. Orí ni wọ́n ń mì. Àwọn ọmọ-ọmọ rò pé ọrùn ló ń dùn wọ́n.

Màmá fẹ́ràn Ọlọ́run, wọn kì í sì í pa ilé ìsìn jẹ. Wọ́n máa ń gbàdúrà kí wọ́n tó gun alùpùpù, ṣùgbọ́n wọ́n á ti yẹ búrèkì wò kí wọ́n tó ṣe àmín. A ò ní torí pé òkú ò lè jiyàn ká wá pọ́n wọn kọjá ààlà: Màmá le. Ẹni tó bá gun alùpùpù wá sílé wọn láìdé akoto á gbọ́ tirẹ̀ kó tó gbọ́ ẹ káàbọ̀.

Màmá fi ọkọ sáyé lọ, pẹ̀lú àbúrò kan, ọmọ mẹ́rin, tí àbíkẹ́yìn wọn obìnrin ń wa tírélà, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti ọmọ ọmọ-ọmọ méjì. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá wa dúró, ẹ kú àdúrótì. Ọlọ́run kò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2023, lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màmá lajú, wọ́n wo Bàbá tó jókòó ti ibùsùn. Wọ́n ní, “Mo ti fi ojú ara mi wo ọ̀nà lónìí. Ó mọ́. Ẹ juwọ́ sí mi, kí n kọjá.” Lẹ́yìn ogójì ọdún, Bàbá gbé ọwọ́ náà sókè, wọ́n sì juwọ́. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjá.

Ẹ ṣé, Màmá. Iṣẹ́ parí, ẹsẹ̀ ti sinmi. Ẹ sùn re o.