Télọ̀ Fi Ṣọ́ọ̀kì Fa Ìlà Sí Mi Lórí

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Kẹ́ ẹ tó wo fọ́tò tó wà nínú lẹ́tà yìí, ẹ jókòó ná. Orí mi tó ń dán bí àwo tánganran yẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n fá a.

Mo sọ fáwọn tó ń wá dirun lọ́dọ̀ mi pé ẹni tó bá dáwó fún àwọn tó ń wádìí ìwòsàn jẹjẹrẹ ọmọdé, ẹni náà á gé díẹ̀ nínú irun mi. Háà, ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́! Télọ̀ àdúgbò wa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí mi lórí kí wọ́n tó gbé sísọ́ọ̀sì, wọ́n tún fi àyè sílẹ̀ létí bí ẹni ń gé ṣòkòtò. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ máa tú u tí mo bá sanra ni?" Wọ́n ní, "Ìwọ ṣáà kọ́kọ́ sanra ná, pẹ̀lú bó o ṣe rù yìí." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ara mi le kokooko. Dókítà kàn ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, pé àwọn fẹ́ tún nǹkan kékeré kan wò. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n, tí wọn ò bá ríṣẹ́, wọ́n á wá a. Ìyẹn ni mi ò ṣe ní lè wálé lóṣù yìí.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Màámi, nígbà tí jẹjẹrẹ ń ṣe mí ní kékeré, tí irun mi já dànù, ẹ fá tiyín ká lè jọra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fá a lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kó gùn dáadáa. Ọwọ́ mi ni màá fi bá yín dì í.