Wọ́n Ní Mò Ń Febi Pa Ọmọ Ọkọ Mi

Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o, torí àwọn ará ilé ọkọ mi wà lórí page yìí. Èmi kọ́ ni mo bí ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni gbogbo èèyàn ń sọ pé mò ń febi pa á… mo sì mọ ohun tó ń ṣe é, mi ò kàn lè sọ ọ́ ni. Mo ti búra fún bàbá rẹ̀.

Kubwa, ní Abuja, là ń gbé. Ọkọ mi ń ta spare parts ní Apo. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú lórí ìkúnlẹ̀ ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kí n máa pe ọmọ náà ní Àríkẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ nígbà tí mo wọlé, èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Aunty ló ń pè mí torí bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ò bá yá, Mummy ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tó sanra dáadáa ni tẹ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, mo máa ń fi ṣeré.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá ni ibà mú un. A rò pé ibà lásán ni, àfi ìgbà tí mò ń wẹ̀ ẹ́ tí mo rí kókó pupa ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbóná, mo fọwọ́ kàn án báyìí, ọmọ figbe ta. Nígbà tó yá, kókó yẹn lọ, inú wa dùn… àṣé ibi tó ti wà ló ń jìn wọnú. Ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ yọ́ bí òrí tí wọ́n gbé sóòrùn. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wá dà bíi pé wọ́n fi okùn fún un yíká. Òmíràn tún yọ ní itan, òmíràn ní apá, ibi tó bá ti yọ ló ń gbẹ.

Wọ́n ń darí wa láti ọ̀dọ̀ dókítà kan sí òmíràn, wọ́n gé díẹ̀ nínú awọ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Dókítà obìnrin kan ló wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní kì í ṣe ebi, kì í ràn, ẹnikẹ́ni ò fi ṣe é. Ó ní àwọn ohun tó yẹ kó máa bá àrùn jà nínú ara ọmọ náà ló kọjú sí ọ̀rá ara rẹ̀, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ run. Ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, oògùn lè dá a dúró, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ lè má padà. Ó sì kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ ṣàdédé dá oògùn náà dúró, ó léwu.

Bá a ṣe jáde níbẹ̀, ọkọ mi jókòó sínú mọ́tò, kò ṣáná sí i. Ó ní kí n búra pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó ní àwọn àna òun ti ń sọ pé ìdílé òun ló pa ọmọ wọn, tí wọ́n bá tún gbọ́ àrùn tí ẹnì kan ò gbọ́ rí, ó ti parí nìyẹn. Ó ní ta ló máa fẹ́ Àríkẹ́ lọ́la? Omi ń bọ́ lójú rẹ̀… mo búra.

Látìgbà náà ni mo ti ń jìyà rẹ̀. Tíṣà rẹ̀ pè mí, ó ń rọra béèrè bóyá ó ń jẹun kó tó wá sí school. Aládùúgbò wa kan máa ń bu oúnjẹ fún un níṣojú mi. Àbúrò ọkọ mi wá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá olóògbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá pè, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní, “Ọmọ mi lọ, o tún fẹ́ pa èyí tó fi sílẹ̀ fún mi?” Mo gbé fóònù fún ọkọ mi kó lè sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ ò ju, “Ẹ má bínú, Màmá, a máa tọ́jú rẹ̀.” Ọkọ mi!

Ní báyìí, Màmá ń bọ̀ ní Sátidé wá mú un lọ. Wọ́n ní àgbo àti oúnjẹ gidi ló nílò, pé oògùn òyìnbó tí mò ń kó fún un ni mo fi ń fà á gbẹ, àwọn máa dà á nù. Mo bẹ ọkọ mi pé kó tú mi sílẹ̀ nínú ìbúra yẹn. Ó ní ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́ ni kí n kó ẹrù mi.

Lánàá, Màmá tún pè, Àríkẹ́ ló gbé e. Ẹ mọ àwọn ọmọ Abuja, ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó ní, “Grandma, Aunty ń fún mi ní food. Mo ń jẹ ẹ́ tán. Leg mi ni kò well.” Màmá ní, “Wọ́n ti kọ́ ẹ lóhun tó o máa sọ.” Ni wọ́n bá pa fóònù. Ọmọ yìí wò mí, ó ní, “Aunty, ṣé Yorùbá mi ni kò dáa?”

Mo fà á mọ́ra. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ̀rọ̀ kí n pàdánù ilé mi, kí wọ́n tún lé mi kúrò lọ́dọ̀ ọmọ náà? Àbí kí n dákẹ́, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí kò ti ní rí oògùn lò? Tí mo bá tiẹ̀ sọ ọ́, ta ló máa gba ìyàwó bàbá gbọ́? Ẹ má bú mi, ẹ jọ̀ọ́… ẹ ṣáà sọ ohun tí ẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni.