Erùpẹ̀ Anié Tí A Sin Lórúkọ Yín

Bàbá mi, ẹni tí mo jọ ní ojú tí n kò jọ ní àyà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta náà ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí ẹ fi kú lọ. Irùngbọ̀n mi ti funfun ju tiyín lọ, ó sì ń ṣe mí nígbà mìíràn bí ẹni tó ń kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fa ìwé yìí ya. Èyí tó ṣe ìkẹta yìí, n ó kọ ọ́ tán bó ti wù kó rí.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń gbọn tẹmómítà, tí ẹ ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn kékeré ti Agbonou, tí ẹ ó ṣù ẹnu jọ bí ẹni fẹ́ fọn fèrè kí ẹ tó kà á. Ẹ kì í fún ọmọ tó ń ké ní abẹ́rẹ́. Ẹ ó dúró kó sunkún tán, bí èrò tilẹ̀ tò dé ojú títì. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, wọ́n ní nọ́ọ̀sì wo ló ráyè ìyẹn. Lomé ni wọ́n wà báyìí, wọn kì í sábà pè mí. Ìyàwó mi ti padà sílé wọn, n kò sì lè sọ pé ó jẹ̀bi. Mo ti ṣe tíṣà, mo ti gbin òwú, mo ti wa mọ́tò. N kò dúró ti ọ̀kankan. Èmi àti Màmá nìkan ló kù nínú ilé.

Ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí Lomé lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Àpótí oníyìnyín ni wọ́n kó o sí, wọ́n sì ní bí ẹ bá gba ojú títì, yìnyín á yọ́ kí ẹ tó dé. Ni wọ́n bá fún yín ní ìjókòó nínú ọkọ̀ òfúrufú kékeré tó ń kó èrò lọ sí àríwá, tó máa ń bà lọ́dọ̀ wa kó tó kọjá. Ẹ kò wọ irú rẹ̀ rí. Ṣé ẹ jókòó ti fèrèsé? Ṣé orí itan yín ni àpótí náà wà?

Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kùrukùru sì bo gbogbo òkè. Ọkùnrin tí ìjọba rán sí wa ṣàlàyé pé bí awakọ̀ kò bá rí ìta, àwọn aago tó wà níwájú rẹ̀ àti ẹ̀rọ kan tó ń pè é láti ilẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ lé, títí yóò fi sọ̀kalẹ̀ dé gíga kan. Bó bá dé ibẹ̀ tí kò rí ilẹ̀, dandan ni kó gbé imú ọkọ̀ sókè kó padà. Awakọ̀ yín kò padà. Ó ń sọ̀kalẹ̀ nìṣó títí ó fi kọlu òkè kan ní ìhà Anié, iná sì sọ. Inú ibojì kan ṣoṣo ni wọ́n sin gbogbo yín sí ní Lomé, torí kò sẹ́ni tó lè mọ ti ta ni èwo. Àwọn èèyàn bú awakọ̀ náà títí. Èmi kò bú u. Ó lè jẹ́ pé ó rò pé òun ti rí ilẹ̀.

Nígbà tí kò sí òkú tí a ó sin, Tásì, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, ní ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ń lọ Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń bọ odò. Ó ní ẹni tó bá kú síta, ibi tó kú sí ni yóò dúró sí títí ọmọ rẹ̀ yóò fi wá mú un. Àkọ́bí ni yóò lọ. Yóò pe orúkọ òkú lẹ́ẹ̀mẹta níbẹ̀, yóò bu erùpẹ̀ sínú aṣọ funfun, yóò sì gbé e bọ̀. Láti ibẹ̀ dé ilé, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bi í ní ohun tó rí, títí ayé.

Mo lọ, Bàbá. Mo dé Anié. Ọmọ lísé, ilé ìwé gíga, ni mí nígbà náà, mo ti ń ka fìlọ́sófì, mo sì ń sọ fún ara mi pé asán ni gbogbo rẹ̀. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Kùrukùru ṣì wà lórí òkè náà, àfi bíi pé ọjọ́ yẹn kò tíì tán. Mo ní, bí mo bá pè yín tí ẹ sì dáhùn ńkọ́? Mo dúró níbi tí mọ́tò ń já èrò sí, mò ń wo òkè, títí obìnrin kan tó ń ta iṣu sísun fi ní, “Ọmọ ìwé, ra iṣu. Òkè yẹn ò ní sá lọ.”

Mo ra iṣu. Mo jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bu erùpẹ̀ ìdí ẹsẹ̀ mi, èyí tí òróró mọ́tò ti kán sí, mo dì í sínú aṣọ, mo kọjú sílé.

Èèwọ̀ náà ló bò mí láṣìírí. Wọ́n rí i pé n kò sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọmọ gidi ni mí. Tásì kúnlẹ̀ gba aṣọ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Fáda pàápàá wá wọ́n omi mímọ́ sí i. A sin ín sẹ́yìn ilé.

Láti ìgbà náà, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni Màmá ń gbálẹ̀ ibẹ̀ tó sì ń bá yín sọ̀rọ̀. Ó ròyìn ikú Tásì fún yín. Nígbà tí mo kùnà bákì, ìdánwò àṣejáde lísé, lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀ yín kí ẹ má bínú sí mi. Èmi á wà lẹ́yìn fèrèsé, n ó máa gbọ́. Ṣé ẹ gbọ́ ọ̀kankan níbi tí ẹ wà?

Lóṣù tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè jáde mọ́. Ó pè mí, ó ní ẹ̀gbẹ́ yín gan-an ni kí n sin òun sí, kí n má jẹ́ kí ará ìjọ gbé òun lọ síbòmíràn. Ọkàn mi kò gbà kó lọ sùn ti erùpẹ̀ ibùdókọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Ó ní, “Níbo lo ní o ti bù ú?”

“Ní Anié, Màmá. Níbi tí mọ́tò ń dúró.”

“Ó dáa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń kí ibùdókọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé ẹ̀kọ kókó fún un, á mu ún, á kọjú sí ògiri. Bàbá, n kò mọ̀ pé èèyàn méjì lè wà nínú ilé kan kí ilé náà ṣófo tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ní kí n kúkú wú erùpẹ̀ náà dà nù.

“Má wú nǹkan kan,” ló wí. “Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ wà. Lọ mú un wá kó wá gbọ́ ọ.”

“Òjò ń rọ̀, Màmá.”

“Ọdún wo ni òjò dá tí o lọ?”

Nítorí náà, mò ń bọ̀ lọ́la. Ọlọ́kadà kan, àwọn tí à ń pè ní sẹ́míjàn, yóò fi alùpùpù rẹ̀ gbé mi dé ẹsẹ̀ òkè, n ó fẹsẹ̀ gun ìyókù. Eékún ń dùn mí, n kò sì mọ ojú ibẹ̀ gan-an. Wọ́n ní ebè iṣu ti bò ó. N ó pè yín lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ohùn mi bá gbọ̀n, ẹ má kà á sí. N kò ní lè bá yín sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ gbogbo rẹ̀ síhìn-ín. Bóyá ẹ ó dárí jì mí o, bóyá ẹ kò ní dárí jì mí o, ẹ kọ́kọ́ máa bọ̀ ná.

Màmá ní kí ẹ má yà níbì kankan. Ó ní òun kò ní lè dúró pẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín tó pẹ́ kó tó dé, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ kan,
Àkọ́bí yín.