Páálí Mẹ́sàn-án Tí A Sin Sí Ìdí Igi Kajú

Gbogbo ohun tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà lọ. Odò a máa gbẹ, ìlú a máa tú, èdè pẹ̀lú a máa kú bí ọmọ ènìyàn ti ń kú. Bí kò bá sì kú tán, yàrá kan nínú ilé rẹ̀ a máa wó, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ a sì kó ẹrù wọn lọ sí yàrá mìíràn. Ìwọ ni o mọ èyí, Tàófíìk, ọmọ Alfa Sàlíù, nígbà tí etí àwa kò tí ì ṣí sí i.

Ọdún mẹ́ta pé lónìí tí o ti fi ilẹ̀ Ìgbó-Ọrà bora bí aṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ, Mùkáílà, ni ẹbí ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ ìrántí yìí, nítorí pé òun ni àgbà, àti nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀bi wà.

Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ gbọ́ irú ènìyàn tí o jẹ́. Ní ọdún 1978, o lọ kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Lituéníà, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́tì nígbà náà. Ọ̀gbìn ni a rán ọ. Èdè ni o kó bọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni o fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èrúwà bí a ṣe ń dáko, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kan náà ni o sì fi ń kọ káàdì ní ìrọ̀lẹ́. Orí káàdì kọ̀ọ̀kan ni o kọ ọ̀rọ̀-orúkọ kan sí, láti inú èdè Lituéníà, ti Látífíà, àti ti Prúsíà àtijọ́, ìbátan wọn tí ó ti kú ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. O ń tọpa bí àwọn baba ńlá wọn ṣe pín orúkọ ohun gbogbo sí yàrá mẹ́ta: ti akọ, ti abo, àti ti èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo. O ń tọpa bí yàrá kẹta ṣe wó ní Lituéníà àti ní Látífíà, tí púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ sì di akọ. Prúsíà nìkan ni ó di ti tirẹ̀ mú títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

A fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, Tàófíìk. Ìyá Mùínàt, tí ilé rẹ̀ bá tiwa pín ògiri, a máa na ọ̀bẹ sókè pé, “Bàbá Nàfísàt, ẹ̀gẹ́ tí mò ń bó yìí ńkọ́? Ṣé ọkọ ni àbí ìyàwó?” Ẹ̀gbọ́n rẹ a sì gbè é lẹ́yìn pé, “Nílùú tí orúkọ Táyé kì í ti í sọ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, kí ni ìwọ ń wá lábẹ́ àga?” Ìwọ a rẹ́rìn-ín, ìwọ a ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n wá ohun tó sọnù.” O kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mùínàt, ọmọ ilé kejì, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ni o ṣàlàyé fún. Ó yẹ kí o ti sọ fún wa. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá gbọ́ nínú wa?

Ní ọjọ́ kejì fídáù rẹ, a ṣí yàrá rẹ. Páálí mẹ́sàn-án ni a bá, páálí ọṣẹ àti páálí mílíìkì, gbogbo wọn kún fún káàdì tí o fi rọ́bà dì ní ìdì ìdì. Làtíífàt, aya rẹ, wo ẹ̀gbọ́n rẹ lójú. Ó ní, “Bàbá, kí la ó ṣe sí wọn? Nínú gbogbo ilé yìí, kò sẹ́ni tó lè kà á.”

O mọ ohun tí a máa ń ṣe nílé Alfa Sàlíù. Ohun tí olóògbé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, a kì í dáná sun ún, a kì í fún alákàrà, a kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ta ni ó mọ ibi tí orúkọ Ọlọ́run gbé wà nínú rẹ̀? Aṣọ funfun ni a fi ń wé e, ilẹ̀ mímọ́ ni a sì ń sin ín sí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fún ìwé baba wa. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí a ṣe fún ìwọ náà. Òun ni ó ra aṣọ. Òun ni ó yan ìdí igi kajú lẹ́yìn ilé. Òun ni ó ṣe àdúà sí i.

Mùínàt dúró lẹ́bàá ògiri. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Nàfísàt fẹ́ fi tẹ ìwé ni. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀.” Ẹ̀gbọ́n rẹ dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni èyí, kì í ṣe ti ará ilé kejì. A bu iyẹ̀pẹ̀ lé e.

Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé láti Vilnius, olú-ìlú Lituéníà, láti ọ̀dọ̀ obìnrin tí ẹ jọ kàwé. Orí fóònù Mùínàt ni ó gbà wá. Wọ́n ti gbà láti tẹ ìwé rẹ. Kí a fi àwọn káàdì ránṣẹ́. A hú ilẹ̀. Òjò ti wọ ibẹ̀, ikán sì ti jẹ àjẹyó. Rọ́bà ni a ń kó jáde, rọ́bà àti ẹrẹ̀, àti etí káàdì kan tí ó ku lẹ́tà mẹ́ta lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀. Làtíífàt kò sunkún. Ó ní, “Bàbá, ẹ dìde. A ti sin ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì.”

Nígbà náà ni Mùínàt gbé agolo bisikíìtì kan wá láti ilé wọn. Káàdì mọ́kànlélógójì ni ó wà nínú rẹ̀, ìdì àkọ́kọ́ tí o fún un kí ó tẹ̀ kí ikú tó dé. Ọ̀rọ̀ àyálò ni wọ́n. Kí yàrá kẹta tó wó, àwọn ará Fínlándì, aládùúgbò wọn, ti wá yá ọ̀rọ̀ níbẹ̀; bí wọ́n ṣe mú wọn lọ ni wọ́n ṣì ń pè wọ́n. Afárá ti di akọ lẹ́nu ará Lituéníà, tí ń pè é ní tiltas. Silta ni ará Fínlándì ń pè é, ìwọ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní s ti akọ nídìí, pé ó dàbí ẹni pé àwọ̀ yàrá kẹta ni ó gbé lọ. Ohun tí onílé sọ nù wà lọ́wọ́ aládùúgbò. Èyí ni ohun tí o ń wá lábẹ́ àga.

Káàdì kan sì wà láàrin wọn tí o kọ Dievas sí, orúkọ tí ará Lituéníà ń pe Ọlọ́run. Orúkọ tí a tìtorí rẹ̀ sin gbogbo iṣẹ́ rẹ, inú èyí tí a kò sin ni ó wà!

Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà nìyí. Làtíífàt ti kan òrùlé sí ilé ọ̀nà Ìdèrè tí o kọ́ dé ojú fèrèsé. Oko ẹ̀gúsí rẹ kò di igbó. Nàfísàt, ọmọ rẹ, ti di nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ó sì ti bí ọmọbìnrin kan tí ó jọ ọ́ níwájú orí. Obìnrin Vilnius náà kọ àpilẹ̀kọ kan nípa káàdì mọ́kànlélógójì náà, ó fi orúkọ rẹ ṣáájú tirẹ̀. Ojú ewé mẹ́fà ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ojú ewé mẹ́fà.

Mùínàt wà nílé-ẹ̀kọ́ ní Èrúwà. Ẹ̀kọ́ nípa ìpolówó ọjà ni ó ń kọ́, kì í ṣe ti èdè. Ẹ̀gbọ́n rẹ lọ bẹ̀ ẹ́ nílé wọn. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Kò burú, Bàbá.” Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ògiri ni ó ti ń kí wa. Kì í wọlé.

Ìyá rẹ̀ kò béèrè akọ tàbí abo ẹ̀gẹ́ mọ́. Agolo bisikíìtì náà wà lórí pẹpẹ nínú yàrá rẹ, òun nìkan. Ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan sí ìdí igi kajú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí ó bá ti mọ́sálásí dé, ó máa ń jókòó síbẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Tàófíìk, àárò rẹ ń sọ wá. Ìfẹ́ rẹ ni a fi ra aṣọ funfun náà, ìfẹ́ náà ni ó sì run iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ìfẹ́ náà kò tí ì tán lára wa.