Bí Àwọn Aṣòfin Òkèèrè Bá Dé Abà Wa

Ilé wa, Ọ̀fà.

Rùkáyàt Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùm. Ṣé dáadáa ni o wà ní Àbújá, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí etí ò fẹ́ gbọ́ nípa yín, àmín. Èmi náà wà, orúnkún mi ló kàn ń yọ mí lẹ́nu bí òjò bá ti ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi, Alhaja Nàfísàt, ní kí n kí ọ, wọ́n ní o ò pe àwọn mọ́, mo sì sọ fún wọn pé fóònù tí wọ́n ń pa kí iná inú rẹ̀ má baà tán, tó jẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n ń tàn án, ta ni yóò rí wọn pè lórí rẹ̀? Ewúrẹ́ wa bí, ọ̀kan kú nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Olúwọlé, tíṣà Poli tó háyà yàrá iwájú ilé wa, ṣì wà pẹ̀lú wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Inú mi ò dùn tí mo fi ń kọ ìwé yìí, kí o jókòó kà á. O mọ̀ pé látìgbà tí àwa àti Ẹ̀rìn-Ilé ti jà kẹ́yìn lórí ààlà ni ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ oko tó wà níbẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ tọ̀hún ìbáà jẹ́ tìhín. Abà wa wà nínú rẹ̀. Òrùlé ti wọlẹ̀, ẹ̀gẹ́ ti di igbó, ìyẹn ò dùn mí tó ojú oórì ìyá rẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé abà yẹn ni Asiata kú sí lásìkò ìroko, tí a sì sin ín sẹ́yìn ilé ìdáná lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ̀sìn wa ṣe wí, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé ibẹ̀ lòun fẹ́. Láti ìgbà ìjà yẹn n ò débẹ̀ ro ó mọ́. Láti ilé ni mo ti ń ṣe àdúà fún un.

Wàyí o, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń bó ẹ̀gúsí, rédíò ní àwọn aṣòfin ìlú òkèèrè kan kóra jọ, wọ́n ní kí ìjọba àwọn dìde sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan tí àwọn kan ti ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́, wọ́n ní àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn ni kí wọ́n jẹ́ kó sọ ibi tí wọ́n fẹ́ wà. Inú aṣálẹ̀ ni ilẹ̀ ọ̀hún wà, orúkọ rẹ̀ ò dúró sí mi lẹ́nu. Mo gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Rùkáyàt, àwọn èèyàn yìí ò ní oko níbẹ̀, wọn ò fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń bá wọn sọ ọ́. Aṣòfin tiwa, látìgbà tó ti pín ìrẹsì fún wa, àwòrán rẹ̀ lára ògiri nìkan la rí, òjò sì ti fọ ojú kan nínú rẹ̀. Ó yé mi wàyí pé iṣẹ́ àwọn aṣòfin òkèèrè yìí ni láti máa lọ láti ilẹ̀ kan tí àwọn èèyàn ń jà lé lórí sí òmíràn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn tó ń kán oògùn sí ọmọdé lẹ́nu tí wọ́n á fi ẹfun sàmì sí ògiri, pé bí wọ́n bá ti parí ti aṣálẹ̀, wọ́n á kàn wá.

Mo bi Olúwọlé. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní wọ́n kàn sọ̀rọ̀ ni, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wà nílẹ̀ títí ọmọ á fi di bàbá. Mo ní ọmọ Èkìtì ni, kò lè mọ̀ nípa ilẹ̀ wa. Ohun tí mo rí mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ ni wọ́n máa ń bi. Àyà mi já, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbé orí tiwa mọ́. Mo ní kó ṣí máàpù inú fóònù rẹ̀, ó ṣí i, ewéko lásán ni, kò sí ilé, kò sí orúkọ. Mo ní kó fà á sún mọ́ mi kí n lè rí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ní fóònù kì í rí sàréè. Ìyẹn dùn mí gan-an. Bó bá jẹ́ máàpù yẹn ni àwọn aṣòfin náà á wò kí wọ́n tó gbéra, wọ́n á ní kò séèyàn níbẹ̀, wọ́n á sì kọjá lọ.

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán lọ́jọ́ kejì, mo di ẹní, bùtà, gààrí àti rédíò, mo sì ra mílíìkì agolo kan, torí n ò mọ bí àwọn ará òkèèrè ṣe ń mu tíì. N ò sọ fún Alhaja pé abà ni mò ń lọ, kí àwọn aṣòfin lè bá èèyàn níbẹ̀. Ọlọ́kadà já mi síbi tí ọ̀dà parí sí, ó lóun ò dé ọ̀hún, mo bá fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹnì kan ti jókòó sábẹ́ máńgòrò. Adétóyè ni, ará Ẹ̀rìn-Ilé tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, ẹni tó máa ń gbé ọ kọ́rùn nígbà tí o kéré. Bàbá tèmi àti bàbá tirẹ̀ ló jọ gbin pẹ̀rẹ̀gún tó wà láàárín oko méjèèjì. A ò jà rí, àmọ́ látìgbà tí ìlú ti jà la ò ti kíra wa mọ́.

Aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀. Òun náà gbọ́ rédíò. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí àwọn aṣòfin má lọ dé kí wọ́n bá kìkì ará Ọ̀fà. Mo ní ohun tí èmi náà ń bẹ̀rù nípa tiwọn nìyẹn. Inú bí wa, kálukú jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀rẹ̀gún tirẹ̀, a kọ̀yìn síra wa, títí mo fi dìde lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Rùkáyàt, wọ́n ti ro ojú oórì ìyá rẹ. Ó mọ́ bí ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbálẹ̀. Mo padà wá bi í pé ta ló ṣe é. Ó ní ta ló tún kù tí ì bá ṣe é, pé bí koríko bá ti ga lòun máa ń yọ́ wọlé pẹ̀lú àdá, pé Asiata ti bu oúnjẹ fún òun jù kóun wá fi í sílẹ̀ sínú igbó. Mo sunkún, n ò tijú láti sọ ọ́ fún ọ.

A wá da mílíìkì àwọn aṣòfin sí gààrí, a jọ mu ún. A fẹnu kò pé bí wọ́n bá bi wá, a ò ní wí Ọ̀fà, a ò ní wí Ẹ̀rìn-Ilé, a ó ní ará ibí ni wá. A ò tíì jókòó pẹ́ tí ọkọ̀ àwọn agbófinró tó ń ṣọ́ ààlà fi dé. Wọ́n ní ta ni ará Ọ̀fà, ta ni ará Ẹ̀rìn, kí wọ́n lè fi wá sí ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi rò pé àwọn aṣòfin ló rán wọn ṣáájú, mo bá dáhùn bí a ṣe sọ ọ́, pé ará ibí ni mí. Adétóyè ní ará ibí lòun náà. Wọ́n tún bi wá, ohun kan náà la sọ, ni wọ́n bá kó wa sẹ́yìn ọkọ̀ kan náà. Ọkọ̀ náà ò ní ìbòrí, òjò pa wá dé egungun. Adétóyè ń wúkọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ní a ti yege. Wọ́n kìlọ̀ fún wa, wọ́n sì já kálukú sẹ́nu ìlú rẹ̀.

Ikọ́ yẹn ò lọ. Olúṣèyí ọmọ rẹ̀ ló pè mí pé bàbá òun ti lọ. Ó ní ẹ̀bá pẹ̀rẹ̀gún ni bàbá náà ní kí wọ́n sin òun sí, ìjọba ò gbà, inú ìlú ni àwọn máa sin ín sí. Mo wọṣọ kí n lọ síbi ìsìnkú, Alhaja dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní bí mo bá lọ, àwọn ará ìlú wa á bi mí lẹ́yìn ẹni tí mo wà, wọn ò sì ní fi tẹ̀rín bi mí. Mo bọ́ṣọ, mo jókòó. Ẹni tó ń ro sàréè ìyàwó mi, n ò lè bù yẹ̀ẹ̀pẹ̀ sí tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi dáadáa.

Ọmọ mi, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bátìrì rédíò, kí n sì mú nínú rẹ̀ fún ìyàwó Adétóyè, Olúwọlé á bá mi gbé e lọ, wọn ò ní bi òun ní ìbéèrè. Ọlọ́run á fi kún tìrẹ, kò ní jẹ́ kí o wá ilé wa tì, ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ, àmín.

Olúwọlé ṣì ń sọ pé àwọn aṣòfin yẹn ò mọ̀ wá. Àmọ́ Àbújá ni àlejò máa ń kọ́kọ́ bà sí. Bí o bá rí wọn, kúnlẹ̀ kí wọn, kí o sọ fún wọn pé àgbà méjì ló mọ ìdáhùn ilẹ̀ yẹn, ọ̀kan ti kú, èkejì ò lè rìn débẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá dé tí wọn ò bá ẹnì kankan, kí wọ́n má kọ ọ́ pé kò séèyàn níbẹ̀. Kí wọ́n lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, kí wọ́n ṣí koríko díẹ̀. Ìyá rẹ wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa kúrò, òun nìkan ni kò kúrò.

Èmi bàbá rẹ,
Sàláwù.